Oko Tó Ń Sinmi ní Agoua

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1996, ni àwọn àgbẹ̀ abúlé kan lẹ́bàá igbó ìjọba ní Agoua, lórílẹ̀-èdè Benin, pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wá ka àwòrán ilẹ̀ tuntun fún wọn.

Àwọ̀ mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀: igbó, ọ̀dàn àti oko. Ilẹ̀ Ìyá Ràmá, opó tó ń gbin iṣu, bọ́ sínú àwọ̀ igbó, nítorí ó ti fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, igbẹ́ sì ti bò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn aṣọ́gbó ń bọ̀ wá ri òpó ààlà síbẹ̀. Ìyá Ràmá kò ní ilẹ̀ mìíràn.

Lásísì, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ní ká ṣán an kíá. "Bí a bá ti kọ ebè síbẹ̀, ta ni yóò pè é ní igbó?"

Ìyá Ràmá wò ó. "Lásísì, bí o bá bá mi tí mo sùn lórí ẹní, ṣé wàá lọ gbẹ́ sàréè ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ yìí kò tíì sinmi tó. Bí ẹ bá jí i lónìí, kí ni n ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Àwòrán?"

Ọ̀rọ̀ Lásísì ní ìdí: n kò tíì rí aṣọ́gbó tó pe ilẹ̀ tó ní ebè tuntun ní igbó. Ṣùgbọ́n mo ti rí kùkùté tútù lódìkejì odò, níbi tó jẹ́ igbó lóòótọ́. Àwọn ará wa ló gé igi ibẹ̀, àwòrán sì pè é ní oko. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà.

"Akọ̀wé, ti ta lò ń ṣe?" ni Lásísì bi mí.

"Tiyín ni, bọ̀dá. Bí a bá purọ́ nípa tọ̀hún, wọn kò ní gba tìhín gbọ́."

Nígbẹ̀yìn, a fi àdá sílé, a lọ jókòó sórí ilẹ̀ náà. Ọ̀gá aṣọ́gbó gun alùpùpù dé.

"Ìyá, inú igbó ìjọba lẹ wà yìí."

"Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá. Ẹ wá jókòó. Ẹ rọra o, ebè nìyẹn."

Ó fẹsẹ̀ tú koríko. Ebè àtijọ́ tò lọ níwájú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí la ó wá pè é? Kò sí àwọ̀ fún un."

"Oko tó ń sinmi."

"Ti òdìkejì odò ńkọ́?"

"Igbó ni."

Lásísì mí kanlẹ̀.

Àwọn aṣọ́gbó kó òpó wọn kọjá odò, wọ́n rì í síbẹ̀. Ilẹ̀ Ìyá Ràmá bọ́; ohun tí a jèrè nìyẹn. Àwọn tó ti ṣán oko lọ́hùn-ún pàdánù làálàá wọn, àbúrò Lásísì wà lára wọn. A ṣèlérí ilẹ̀ mìíràn fún wọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló rí i gbà. Ọ̀gá náà ní àwọ̀ kẹrin yóò wọ inú àwòrán. N kò tíì rí i, n kò sì mọ̀ bóyá ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú Pira tàbí Tchetti.

Mo padà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 1998. Kò sí òpó kankan lórí ilẹ̀ náà. Ìyá Ràmá àti Lásísì ń kọ ebè níbẹ̀.