Imú Tí Wọ́n Dè Mọ́ Páìpù Èéfín

Onímú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mẹkáníìkì ni, obìnrin tó lápá bí irin. Bí ọkọ̀ bá wọlé, kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń lọ, á bẹ̀rẹ̀, á fa èéfín díẹ̀ símú. "Epo pọ̀ jù." Tàbí: "Afẹ́fẹ́ ló pọ̀." Ó parí. Ẹni tó bá jiyàn, púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀, dúdú tàbí funfun, ni yóò dá a lóhùn.

Àfi ìgbà tí òtútù kan mú un. Òtútù lọ, ó gbé òórùn dání lọ. Ọṣẹ, òfo. Àlùbọ́sà, òfo. Èéfín, bí ẹni ń mí nínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kò sọ fún ẹnì kan. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá fún Onímú tí imú rẹ̀ ti kú?

Ó wá ra sẹ́ńsọ̀. Ohun kékeré bíi púlọ́ọ̀gì, tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù èéfín, tí wáyà rẹ̀ ń lọ sí mítà kan. Nọ́ńbà bá gòkè, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ó bá wálẹ̀, epo ti pọ̀ jù. Àbúrò rẹ̀, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ló bá a lu ihò tí wọ́n fi í sí lára páìpù.

"Ẹ̀gbọ́n, imú yín ò tó yín ni?"

"Ẹni tó lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́, àbí?"

Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ fi dán an wò. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bó bá dúró láìpa ẹ́ńjìnnì. Onímú tẹ epo: nọ́ńbà wálẹ̀. Ó fi í sílẹ̀: nọ́ńbà fò sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí imú rẹ̀ ń sọ ní gbólóhùn kan, èyí ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, nọ́ńbà kọ̀, kò wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ó yí sukúrù kábúrétọ̀, ó fún un lépo. Kò wálẹ̀. Ó tún fún un. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Àbúrò rẹ̀ sáré jáde, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n! Epo ń rùn dé ọ̀dọ̀ mi, iná sì wà lọ́wọ́ mi! Ṣé ẹ fẹ́ sun wá ni?"

"Mítà ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀."

"Imú yín wá ń kọ́?"

Onímú na ọwọ́, ó pa ọkọ̀.

"Láti ìgbà wo?" Ohùn àbúrò rẹ̀ ti rọ̀.

"Láti ìgbà òtútù yẹn."

Àbúrò tí gbogbo nǹkan ń pa lẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí táyà.

"Mítà yẹn ń purọ́ nìyẹn?"

Onímú wò ó. Irọ́ kẹ̀? Ohun tó dé ọ̀dọ̀ imú ni imú ń gbọ́. Afẹ́fẹ́ wo ló wá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Láti ibo?

Ó dá sukúrù padà síbi tó wà. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ páìpù láìfara kàn án. Níbi tí páìpù ti pàdé ẹ́ńjìnnì, ṣáájú sẹ́ńsọ̀: fù, fù, fù. Bí èémí ọmọ tó sùn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ibi ìsopọ̀ náà ti jó. Èéfín ń bá ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ òde sì ń yọ́ wọlé láàárín ìmí kan sí òmíràn.

Wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, Onímú tẹjú mọ́ mítà, ó tún sukúrù yí díẹ̀. Nọ́ńbà wálẹ̀, ó sinmi lórí mẹ́rìnlá lé díẹ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti bára mu.

"Wá gbóòórùn rẹ̀ fún mi."

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. "Ó gbẹ. Ó gbóná. Kò ta mí lójú."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì dé. "Onímú, kí ni imú wí?"

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wo mítà.

"Imú mi ti kú, Nọ́ọ̀sì. Ti páìpù àti ti àbúrò mi ni mo yá."

Nọ́ọ̀sì fetí sí ọkọ̀ rẹ̀. Kò gbọ̀n mọ́. "Wọ́n ṣiṣẹ́ o. Ẹ bá mi retí ọkọ̀ bàbá ilé mi lọ́la." Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ tán kó tó tún yọrí lójú fèrèsé. "Òórùn máa ń padà nígbà mìíràn o, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n mi padà, rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ lọ, Onímú bẹ̀rẹ̀ síbi tí èéfín rẹ̀ kù sí, ó fà á símú.

"Ńkọ́?" àbúrò bi í.

"Dúró ná."