Ọba Mẹ́ta Lọ́wọ́ Mi ní Tokpota

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Akpro-Missérété, ṣùgbọ́n Dowa ni mò ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń lọ láràárọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ kí n tó rà á, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gùn ún. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ wà ní Tokpota lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́. Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ló kù, kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀.

Bàbá yìí ti ṣe akọ̀wé ní bùró àwọn Faransé ní Dakar kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Ó mú aago àpò kan tó ní ẹ̀wọ̀n bọ̀ láti ibẹ̀, ó sì mú eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà bọ̀. Bó bá di ọ̀sán Àbámẹ́ta, á gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì á jókòó. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ́bodè, alárìíyá ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ga. Èkejì jẹ́ télọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń fẹ́ ọmọ ilé náà, wọ́n ní kí n wá di ẹnìkẹrin. Ẹni tó ń tọrọ ọmọ ẹni, ṣé ó lè sọ pé òun ò mọ káàdì í ta? Mo kọ́ ọ.

Eré náà kò nira láti mọ̀. Wọ́n á fún kálukú ní káàdì kan ní ìdojúdé, tí òun nìkan mọ ohun tó jẹ́. Mẹ́rin yòókù ni wọ́n á pín ní ìṣísílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pín ọ̀kan, a ó fi owó ẹyọ sáàárín tábìlì, èyí tí kò ju owó àkàrà lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi sí i mọ́, á da káàdì rẹ̀ dé, ó ti jáde nìyẹn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá bá ara mu jù níkẹyìn ló ń kó gbogbo owó náà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí Bàbá mú ti Dakar bọ̀: lẹ́yìn káàdì ìkẹyìn, ènìyàn lè gbé ohun ìní rẹ̀ lélẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohun tó tó o kalẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó lo òfin náà rí.

Ní Àbámẹ́ta tí mò ń sọ yìí, òjò ká wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ọ̀nà ti di odò, kò sẹ́ni tó lè lọ sílé. Mo fa kẹ̀kẹ́ mi wọ abẹ́ òrùlé, mo gbé e ti ògiri lẹ́yìn aṣọ́bodè.

Káàdì tí wọ́n fún mi ní ìdojúdé jẹ́ ọba. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún mi náà jẹ́ ọba. Nígbà tí ọba kẹta dé, mo fi ẹyọ owó mi sáàárín bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Aṣọ́bodè ní aàsì méjì níta, èyí tí kò tó ọba mẹ́ta, ó sì ń fi owó lélẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Télọ̀ ti jáde. Ní ti Bàbá, nígbà tí káàdì ìkẹyìn dé, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níta níwájú rẹ̀ ló ní àwòrán ọkàn pupa. Bí èyí tó dojú dé bá tún jẹ́ ọkàn pupa, ó ti borí ọba mẹ́ta. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Aṣọ́bodè ti gbogbo ẹyọ owó iwájú rẹ̀ sáàárín. Èmi náà ti temi sí i. Bàbá wo aṣọ́bodè títí, ó wá tú ẹ̀wọ̀n aago kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé aago náà lé orí owó.

"Ìwọ tí ò ń pariwo láti àárọ̀," ó sọ fún aṣọ́bodè, "èyí ńkọ́?"

Aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín, ó da aàsì rẹ̀ dé. "Aago yẹn jù mí lọ. Mi ò bá a jà."

Ó wá ku èmi. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin olùkọ́," ni Bàbá wí, "ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dè mí mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ ilé náà, "ìwọ ọmọ yìí" ni bàbá náà ń pè mí. Kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Télọ̀ sì ti sọ fún mi nígbà kan pé bí bàbá yẹn bá ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá gómìnà sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọba mi jẹ́ ọkàn pupa, mo sì rí ọkàn pupa mìíràn lára káàdì télọ̀ kí ó tó dà wọ́n dé. Ọkàn pupa ti fọ́n káàkiri. Níbo ni bàbá yìí ti fẹ́ rí ìkarùn-ún?

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ wò ó. Bí mo bá wò ó tí mo sì borí, èmi ni mo gba aago lọ́wọ́ ẹni tí mò ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fi sílẹ̀, wọ́n á ní ojo ni mí, ẹni tí bàbá arúgbó fi ẹnu lásán lé kúrò lórí ọba mẹ́ta. Mo wá ọ̀nà àbáyọ.

"Bàbá, mi ò ní ohun tó tó aago."

"Kẹ̀kẹ́ rẹ ńkọ́?" ni aṣọ́bodè wí, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó lu ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà pẹ́pẹ́.

Ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ gbà jáde ló tì mọ́ mi lójú yẹn. Àfẹ́sọ́nà mi gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ jáde wá lásìkò náà. Ó rí aago lórí tábìlì, ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó gbé ife kalẹ̀, ó wọlé padà. Mi ò rí nǹkan kan kà lójú rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Télọ̀ wúkọ́.

"Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn da káàdì dé," Bàbá tún wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ gbọ́ tèmi, olùkọ́."

Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀rù ń bà á. Mo dìde, mo fa kẹ̀kẹ́ mi wá sẹ́bàá tábìlì.

"Mo fẹ́ wò ó, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ṣí káàdì rẹ̀. Ọkàn pupa ni.

"Mo ní kí o fi sílẹ̀," ó wí. Ó ti padà sí "o".

Nígbà tí òjò dá, àfẹ́sọ́nà mi sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó bi mí bóyá mo rò pé irọ́ ni bàbá òun ń pa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Aṣọ́bodè ni Bàbá mi ń dọdẹ," ó wí. "Kò rò pé ẹ̀yin lẹ máa kù. Ó mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ yín ti jìnnà tó. Ó ń bẹ̀ yín ni."

"Ṣé kò wá lè dá kẹ̀kẹ́ mi padà?"

"Níwájú àwọn yẹn? Á wá dà bí ìgbà tí wọ́n bá ọmọdé ṣeré. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n mo rìn. Mò ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mò ń gba Tokpota kọjá ní iwájú ilé wọn gan-an, nítorí ọ̀nà mìíràn jìn jù. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sí ọjà Akpro-Missérété á kí mi, wọ́n á bi mí pé kẹ̀kẹ́ dà. Mo ní ó wà nílé. Bàbá ti fún àfẹ́sọ́nà mi ní kẹ̀kẹ́ náà, ìyẹn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún.

Àbámẹ́ta tún ń sún mọ́. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mò ń bínú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó á sì dorí kodò. Bí mo bá lọ, màá tún jókòó sí ibi tí wọ́n ti rí i pé mi ò gbọ́ ìkìlọ̀ àgbà. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù, mo lọ. Àwọn mẹ́ta ti wà ní ìjókòó. Aṣọ́bodè fẹ́ sọ nǹkan, Bàbá wò ó, ó pa ẹnu dé.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Bàbá wí, ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi. "Ní oṣù tó ń bọ̀, sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá bá mi. Jókòó ná. Ìwọ ló kàn láti pín káàdì."

Mo jókòó, mo kó káàdì jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.