Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀gá Mi Sínú Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìkọ̀tún, lásìkò tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí màmá mi mú mi lọ síbẹ̀, torí bàbá mi ti kú, ilé ìwé sì ti tán fún mi nìyẹn. Ọ̀gá mi mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Á kàn wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, á sì gé bùbá tí yóò bá a mu. Ṣùgbọ́n ìkà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì tí obìnrin kan fẹ́ fi ṣe ìkómọ. Ihò náà kò tó ojú kọ́bọ̀. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní kí n na ọwọ́ mi. Mo rò pé rúlà ló fẹ́ fi nà mí, ni mo bá na ọwọ́ òsì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń lọ kọ́là ẹ̀wù.

Ó ní, “Ìwọ náà ti wá mọ bó ṣe ń rí lára aṣọ.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ gbálẹ̀.

Kí màmá mi tó rí ọwọ́ mi, ọ̀gá ti sọ fún un pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan iná. Màmá mi gbà á gbọ́. Ó tún bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn dùn mí ju iná lọ.

Nígbà tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo bá ẹgbẹ́ òṣèré kan lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n ń ṣe eré fún tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ wọn ni mo kọ́kọ́ ń rán, kí olórí wa tó rí i pé mo mọ ọ̀rọ̀ kọ, tó wá jẹ́ kí n máa kọ eré. Eré wa tó lókìkí jù dá lórí obìnrin kan tó fi májèlé pa ọkọ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ará Akówọnjó á kún ilé ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n fọ́fọ́. Nígbà tí eré náà parí, àwọn èèyàn ń béèrè ohun tó sọ obìnrin náà dà bẹ́ẹ̀. Ni olórí bá ní kí a ṣe ti ìgbà èwe rẹ̀, kí ó tó pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n fún mi kọ.

Mo sọ ọmọbìnrin náà di ọmọ iṣẹ́ aránṣọ. Mo kó ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi síbẹ̀, àti kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, àti bó ṣe máa ń fi eyín di abẹ́rẹ́ mú tó bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tó jó mi, n kò yí ẹyọ kan padà. Nígbà tí òṣèré tó fẹ́ ṣe ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mo dìde, mo fi hàn án bí ọ̀gá ṣe ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lu èèyàn. Ó ń dùn mọ́ mi.

Eré náà jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, gbogbo Ìkọ̀tún ti mọ ẹni tí a ń sọ. Àwọn ìyá wá kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, kí ìyá jọ̀ọ́, kó má jó àwọn o. Ẹni tó bá mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá, màá ní kó tún un sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun fúnra rẹ̀ wá bá mi níbi tí a ti ń ṣe ìdánrawò. Ó ti rù. Ó jókòó.

“Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

Ó ní òun jó mi lọ́wọ́ lóòótọ́, òun kò jiyàn. Ó wá wò mí. “Ṣùgbọ́n ọmọ inú eré yẹn gbé àlùmọ́gàjí, ó dúró lé ọ̀gá rẹ̀ lórí níbi tó sùn sí. Ìyẹn ńkọ́? Irọ́ nìyẹn, àbí?”

Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló rò pé ṣe ni mo fi ìyẹn dá eré lárà. Mo lè sọ fún òun náà bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Kì í ṣe irọ́, mà.”

Mo sọ ọjọ́ náà fún un: ọjọ́ Jímọ̀ ni, òjò ń rọ̀, àwọn yòókù ti lọ kírun, ó sùn sórí bẹ́ǹṣì, ọrùn rẹ̀ wà níta. Mo dúró títí apá fi ń ro mí. Oníbàárà kan ló kágò níta, ni mo fi sọ àlùmọ́gàjí kalẹ̀.

Kò bú mi, kò bẹ̀ mí. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó dìde. Kò kẹ̀yìn sí mi títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tó fi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, tó kó lọ sí Ayọ̀bọ̀, níbi tó jẹ́ oko nígbà yẹn. Màmá mi ní kí n wá a lọ, kí n tọrọ àforíjì, pé ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni. Mo bi í léèrè ẹni tó ti bẹ èmi rí. N kò lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bóyá mo ṣàṣejù, ṣùgbọ́n èrò náà kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn mi.