Ojú Rẹ̀ Nìkan Ni Kí Ẹ Má Fọ́

Ẹnu mi yìí ni mo fi fa ọmọ mi lé ìkà lọ́wọ́. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọkùnrin yẹn nìkan ni mo ń bínú sí.

Olùkọ́ ni mí ní Okitipupa láàárín àwọn ọdún 1990. Láti apá Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá síbẹ̀. Ọkọ mi ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì kù mí kù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó rí tín-ín-rín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní igi ìṣáná. Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n jẹ́ kí òun lọ sí jíìmù tí ọkùnrin kan tó ti Èkó dé ṣí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Agolo tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí, tí wọ́n fi irin so pọ̀ ní méjì-méjì, ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló gba ọgbọ́n lórí mi.

Mo wá ṣe ohun tí a máa ń ṣe bí a bá mú ọmọ lọ síbi ìkọ́ṣẹ́. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, mo ní, "Ẹ gbà á, ọmọ yín ni. Bó bá yájú, ẹ nà án. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ni kó ṣe. Ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má fọ́." Èmi àti ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, ṣe ló ń gbọ́ mi.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí apá ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣan. Òkèlè púpurù tó ń jẹ di ìlọ́po méjì, mo sì ń fi í yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní gbogbo Sátidé, ọkùnrin náà á kó àwọn ọmọ lọ sí Igbotako, á ní wọ́n ń lọ dán agbára wò. Èmi òmùgọ̀ kò béèrè irú agbára wo. Mo tún ń dúpẹ́.

Ìyá àgbà tó ni ilé tí mo ń gbé ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Tísà, ọma rẹ ń tiro."

Mo fi dandan wo itan rẹ̀. Ó wú, ó gbóná, ojú abẹ́rẹ́ tuntun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti jinná. Èjìká rẹ̀ ti bó yánnayànna. Ó wá jẹ́wọ́ pé ìdì ẹyìn ni àwọn ń rù ní Igbotako, láti inú oko dé ibi tí alájíìmù ti ń ṣe epo tirẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ wọ́n, á gún wọn lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kan náà fún gbogbo wọn, á ní fítámì ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Màámi, ẹ̀yin lẹ ní ohun tó bá ní kí n ṣe ni kí n ṣe. Kò kúkú fọ́ mi lójú."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá.

Ní ọsibítù, wọ́n la itan náà, ọyún sì tú jáde. Dókítà ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ẹsẹ̀ náà ni wọn ì bá gé. Láti ibẹ̀, mo gba jíìmù lọ. Ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣebí ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́?" Bàbá méjì tí wọ́n wá wo ọmọ wọn ní kí n mú sùúrù, pé ìyà ló ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé agolo sìmẹ́ǹtì kan kí n là á mọ́ ọn lórí. Agolo náà kò gbéra nílẹ̀.

Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé. Mo sọ fún àwọn ìyá pé, "Ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ wo itan ọmọ yín." Wọ́n wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kún ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin náà pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti sá lọ. Ẹnikẹ́ni kò rí i mú. Bó bá wà láyé, á ṣì máa dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ kan níbì kan, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kó lè dìde.

Ọmọ mi ti di bàbá báyìí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ mú ọmọ tirẹ̀ lọ fà lé olùkọ́ lọ́wọ́, mo ti wé gèlè, mo ti wọ bàtà, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Màámi, ẹ jókòó sílé."

Mo jókòó.