Ọjọ́ tí Kọ́lájọ Gbé Ọkọ̀ Pupa Lọ sí Pápá

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bí o bá béèrè ilé Kọ́lájọ mẹkáníìkì, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Kọ́lájọ ọlọ́kọ̀ pupa, ọmọ ọdún mẹ́rin yóò mú ọ débẹ̀. Sẹ́líkà ni ọkọ̀ náà, onílẹ̀kùn méjì, ó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Lọ́yà Oyèlẹ́yẹ ló wà á wá láti Èkó, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlélógún báyìí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, inú bí lọ́yà, ó ní òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́, ó sì fi ta Kọ́lájọ lọ́rẹ. Ọdún méjì gbáko ni Kọ́lájọ fi tún un ṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dún, Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Òkè-Ìlá. Àwọn ọmọ tú jáde ní kíláàsì, wọ́n ń pariwo, "Ọkọ tíṣà! Ọkọ tíṣà!" Ojú ti Abọ́sẹ̀dé, inú rẹ̀ sì dùn dénú eegun.

Láti ìgbà náà ni gbólóhùn kan ti wà lẹ́nu Kọ́lájọ. "Ìyá Fọlákẹ́mi, lọ́jọ́ kan, n ó tẹ ọkọ̀ yìí débi tí agbára rẹ̀ mọ, níbi tí kò ti ní sí kòtò, tí kò ní sí ewúrẹ́."

Àwàdà ni gbogbo ènìyàn kà á sí, títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí Olúwafọlákẹ́mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, tẹ bàbá rẹ̀ láago. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ kan ti rí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ eré lè mú un wá sá yípo níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

"Mo ti forúkọ yín sílẹ̀, Bàbá mi. Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí yín nìyẹn."

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé àyà. Fọlákẹ́mi kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn.

Ó ti lé lọ́dún kan tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́lájọ yóò na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀, yóò ní, "Gbé... gbé ìyẹn wá. Èyí tí a fi ń tú nǹkan." Sípánà ló ń wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n ti dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó lọ ra páàtì ní Iresi, ilẹ̀ ń ṣú lọ kò tíì dé, àfi ìgbà tí ọlọ́kadà kan gbé e wálé, tó ní òun bá bàbá ní oríta tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà Ìlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iṣu. Ọ̀nà tó ti ń gbà láti kékeré! Abọ́sẹ̀dé mú un lọ sí Òṣogbo. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe ìyá sápá kan.

"Ìyá, àìsàn ìgbàgbé ni. Kò sí oògùn tí yóò dá a padà. Ẹ jẹ́ kí bàbá máa ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ́, yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ mọ́ o."

Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà ni Abọ́sẹ̀dé gbé wálé. Apá kejì, ó fi í sílẹ̀ sí Òṣogbo.

Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Nínú ilé, Kọ́lájọ a jókòó bí àlejò, a máa wo ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa náà, tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnì, ọkọ rẹ̀ á padà dé. Á máa súfèé. Á máa bú ẹni tó ṣe páàtì ayédèrú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, ó gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, ó wò ó, ó pè é ní "Abọ́sẹ̀dé", láìní "Ìyá Fọlákẹ́mi" nínú, bó ṣe ń pè é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra sọ́nà. Ta ni yóò wá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀?

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé kó ṣọ́ọ̀kì jáde, ó kọ gbogbo ohun tí wọn yóò ṣe sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: taya mẹ́rin, páàdì bírékì, ọ́ìlì bírékì, omi rédíétọ̀, bẹ́líìtì ìjókòó. Bí ìkọ̀wé Kọ́lájọ ṣe ń rí ni ó ṣe kọ ọ́, kí ó lè rò pé òun fúnra òun ló kọ ọ́. Bí wọ́n bá parí ọ̀kan, á fàlà sí i. Wọ́n kó gbogbo ohun tó lè máa fò kiri nínú ọkọ̀ jáde, títí dé taya ìpamọ́ àti Bíbélì kékeré tó ti wà níwájú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Fọlákẹ́mi fi akoto ààbò méjì ránṣẹ́. Kọ́lájọ dé tirẹ̀ jẹun àárọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi tutù.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí Kọ́lájọ bá ti sùn díẹ̀, Abọ́sẹ̀dé á mú sípánà, á tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Á fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ó bá rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀ tí kò ní ohun tó dì í mú. Ó dì í. Lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ taya tó yẹ kó ní márùn-ún. Ó wá ìkarùn-ún, ó bá a nínú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìṣirò wá di mẹkáníìkì ní oṣù méjì, ó ń rìn lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ bí ìyá tí ń rìn lẹ́yìn ọmọ ìrákòrò.

Nígbà tí Sátidé náà pé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé jáde pẹ̀lú oúnjẹ tó dì. Ó rí i tí Kọ́lájọ nà dìde níwájú ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. Ike ọ́ìlì méjì, ti bírékì àti ti ẹ́ńjìnì, ló wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìdérí méjèèjì ṣí sílẹ̀.

"Bàbá Fọlákẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà sí i?"

"Bírékì ni mo fi díẹ̀ kún."

"Ẹ jẹ́ n wo ibẹ̀ kí a tó lọ."

Kọ́lájọ yíjú sí i. Àwọn aládùúgbò tó wá sìn wọ́n dúró, wọ́n ń wò. "Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìwọ ni o wá fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò? Lójú gbogbo ayé?"

Kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ẹ̀rù náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi," ni ó wí, ó sì wọnú ọkọ̀.

Kọ́lájọ wa ọkọ̀ bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é rí. Wọ́n gba Òmù-Àrán, wọ́n kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ń yẹ kòtò, ó ń fún àwọn onítírélà ní ọ̀nà. Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ di ìjókòó mú, ó ń gbàdúrà, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe pé dókítà yẹn ṣe àṣìṣe ni.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ ẹ̀wù ofeefee ń yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Bó ṣe rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà.

"Ọ̀gá mi! Ìyá mi! Èmi nì yí, Jóṣúà!"

Jóṣúà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Kọ́lájọ fún ọdún mẹ́rin, inú ilé wọn ló ń sùn, ọbẹ̀ Abọ́sẹ̀dé ló ń jẹ. Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣé o, ọmọ mi. Ọmọ ta nínú Ìlá ni ọ́?" Jóṣúà rò pé ọ̀gá ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́lájọ sì rìn lọ wo àwọn ọkọ̀ yòókù.

Jóṣúà yẹ taya wò, ó yin ọ̀gá rẹ̀. Ó yẹ bẹ́líìtì wò. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì bírékì. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló wà nínú bírékì yìí. Yóò wú rọ́bà inú rẹ̀. Yóò mú lẹ́ẹ̀kan, yóò mú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ á kàn bá ilẹ̀ lọ ni. Ọlọ́run ló gbé yín débí. Ta ló da èyí sí i?"

Abọ́sẹ̀dé wo ọ̀ọ́kán. Kọ́lájọ dúró láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó ń fọwọ́ ṣàlàyé nǹkan, wọ́n tẹ́tí sí i bí ọmọ iléèwé.

"Èmi ni," ni ó wí.

Jóṣúà wò ó. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó tún wo ìyá. Ó yé e. Omi lé sí i lójú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kọ́lájọ padà dé. "Kí ló dé? Ṣé kò tíì kàn wá ni?"

"Ọ̀gá, ẹ... ẹ má bínú. Ọkọ̀ kò lè wọlé lónìí. Wọ́n ti ṣi ọ́ìlì dà sínú bírékì."

"Ta ni?"

Abọ́sẹ̀dé ní, "Èmi ni, Bàbá Fọlákẹ́mi. Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n."

Háà! Èébú tí Kọ́lájọ bú u lọ́jọ́ náà kọjá àfẹnusọ. Ó bú u ní èdè Ìgbómìnà, ó bú u ní gbangba pápá, níṣojú àwọn ọmọ tí kò ju ẹgbẹ́ Fọlákẹ́mi lọ. Ó ní ó fẹ́ pa òun. Ó ní ogún ọdún ni òun fi dúró de ọjọ́ yìí, ó sì bà á jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Nínú gbogbo ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bú u bẹ́ẹ̀ rí. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná.

"Mo tọrọ àforíjì. Ẹ forí jì mí."

"Ìwọ ọmọ yìí," Kọ́lájọ yíjú sí Jóṣúà, "ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí bírékì, apànìyàn ni. Bí mo ṣe kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," ni Jóṣúà wí. "Ẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń sá yípo. Kò pẹ́, ìbínú ti tán lójú Kọ́lájọ. Ó fọwọ́ gbún ìyàwó rẹ̀. "Ìgbà wo ló máa kàn wá?"

"Ó kù díẹ̀," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọkọ̀ fi tán nílẹ̀.

Jóṣúà ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wọn délé, ó sì ní kí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ọkọ̀ pupa náà tẹ̀lé wọn. Lọ́jọ́ kejì Abọ́sẹ̀dé sọ gbogbo rẹ̀ fún Fọlákẹ́mi, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pamọ́. Fọlákẹ́mi sunkún, ó bínú. Ó bínú jù nígbà tó wálé, tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Ìyàwó mi yìí, òun ló ba bírékì mi jẹ́, òun ni kò jẹ́ kí n sáré lọ́jọ́ náà." Àwọn àlejò á mi orí, Abọ́sẹ̀dé á ní, "Òótọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún wọn, Ìyá mi. Kí ló dé tí ẹ ń jìyà ohun tí ẹ kò ṣe?"

"Mo ṣe é. Mo rí ike méjèèjì nílẹ̀, n kò yẹ̀ ẹ́ wò." Lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ́ kó máa bú mi. Bó bá ń bú mi, ó mọ̀ pé èmi ni ìyàwó òun."

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ìtàn náà kúrò lẹ́nu Kọ́lájọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abọ́sẹ̀dé ń bẹ iṣu ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ pupa tó wà lábẹ́ òrùlé páànù.

"Ọkọ̀ ta nìyẹn?"

Abọ́sẹ̀dé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tiyín ni. Ẹ fẹ́ fi sáré lọ́jọ́sí, èmi ni mo ba bírékì rẹ̀ jẹ́." Ó sì dúró, ó ń retí èébú.

Kọ́lájọ wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò bá pàdé rí.

"Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá," ni ó wí. "Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ.