Bọ́tìnnì Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Alfa Yínúsà

Kò pẹ́ tí Alfa Yínúsà parí ilé rẹ̀ ní Lotto, ní Mowe, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Wẹ́dà tó ń jó irin ni, ará Ìwó, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ariwo jẹnẹrétọ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń há sí i lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ikram, ti ń ránṣọ. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń dún, kò lè gbọ́ ìkérora ọkọ rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ikram, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta sólà ní Ibafo ló ń bá kọ ètò kọ̀ǹpútà ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Páítọ̀n. Ó ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó so bọ́tìnnì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì fa wáyà agogo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, agogo dún, Ìyá dé. Ìdajì ẹnu Bàbá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí bọ́tìnnì yẹn.

Ìyá ló ní kí Ikram fi nǹkan kún un.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, mo máa ń gbàgbé ẹ̀ tíṣẹ́ bá pọ̀. Ṣé kò lè máa rán mi létí ni?"

"Ó lè ṣe é, Mọ́mì."

Ọjọ́ Àìkú ni Ikram kọ ọ́. Nígbà tí àkókò oògùn tó, ohùn jáde nínú sípíkà tó gbé sí ṣọ́ọ̀bù pé oògùn Bàbá ti tó lò. Inú Ìyá dùn. Ikram kò dán bọ́tìnnì wò mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ló fẹ́ ṣe é?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbi iṣẹ́. Ohùn yẹn pe oògùn àárọ̀, Ìyá fún ọkọ rẹ̀ lò, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Láìpẹ́, Alfa fẹ́ lọ tọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Agogo kò dún. Kì í ṣe ẹni tó lè tọ̀ sórí ibùsùn. Ó fi ẹsẹ̀ tó yè kanlẹ̀, ó di ògiri mú, ó ṣubú. Ibẹ̀ ló wà títí Ìyá fi gbé ẹ̀kọ ọ̀sán wọlé, tó bá a nínú ìtọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i níwájú orí.

Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, Ikram kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá kọjú sí ògiri.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Ìyá wí. "Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Ó pè mí fún oògùn. Kí ló dé tí ò pè mí fún bàbá ẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, Ikram kò lọ síbi iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ rò pé wáyà ló já. Ó pààrọ̀ rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ó wá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kó máa sọ ohun tó ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà. "Mò ń wo aago" ló jáde. "Mò ń wo aago." "Mò ń wo aago." Ó ń jáde lọ bẹ́ẹ̀. "Mò ń retí bọ́tìnnì" kò jáde rárá.

Inú rẹ̀ bà jẹ́. Inú lúùpù, ìyípo àṣẹ tí kò lópin, ló fi wíwo aago sí, ó sì kọ ti bọ́tìnnì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń yí po nínú lúùpù yẹn, kò níbi tó lè gbà jáde, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì láé. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ohun tó ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ ti bọ́tìnnì bọ inú lúùpù náà. Ó rí i pé bí ohùn oògùn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí Bàbá tẹ̀ ẹ́, agogo tún lè má dún. Ó bá tún gbogbo rẹ̀ kọ, tó fi jẹ́ pé ibi tí iṣẹ́ kan bá ti fẹ́ sinmi, yóò yẹ̀ fún èkejì. Ó dúró di ìgbà tí ohùn ń pe oògùn, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Agogo dún. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí Ìyá fi wọlé.

"Ó tó, Ikram," ni Ìyá wí.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì mọ́. Ikram fi lé e lọ́wọ́, ó jẹ́ kó bọ́. Bí Bàbá bá fẹ́ nǹkan, ó wá ń dúró de ẹni tó bá kọjá. Ìyá ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti agogo wá sí kọ́rídọ̀ ẹnu yàrá ọkọ rẹ̀, níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Láti Ibafo, Ikram ń pe ilé ṣáá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, agogo dún. Ìyá já wọlé.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá Ikram?"

Kò fẹ́ nǹkan kan. Ó juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ìyá kò tíì jókòó tí agogo tún fi dún. Ó padà wọlé. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó mi orí díẹ̀.

Nígbà tí Ikram pè, Ìyá sọ fún un.

"Ṣé wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bóyá mo máa wá ni wọ́n ń wò. Mo sì ń lọ."