Ibùsùn Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ọ̀sẹ̀ Ìpàgọ́

Ẹni tí kò bá tíì sun ilẹ̀ àtíbàbà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń rò pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹní kan àti òmíràn. Kí irú wọn wá bi mí. Ẹní rọ́bà kì í gba ìdun, ṣùgbọ́n bí o bá làágùn, á lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn, ìwọ àti òun lẹ ó jọ dìde. Ẹní koríko ń mu òógùn, ara sì ń tutù lórí rẹ̀, àmọ́ bí ìdun bá ti wọ inú rẹ̀, ó di kí o dáná sun ún. Mo ti sun orí páálí tí wọ́n fi di fíríìjì wá láti ṣọ́ọ̀bù rí. Ìyẹn náà kò burú títí òjò fi rọ̀.

Ìparí ọdún ni ìjọ wa máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ ìpàgọ́, lórí ilẹ̀ ńlá kan tí kò jìnnà sí Mówè, létí ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo, wọ́n á di ibùsùn, ìkòkò àti sítóófù lẹ́rù wá, nítorí oníkálukú ló ń sùn síbi tó bá rí, tó sì ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn bá tó o máa ń gba yàrá. Àwa yòókù ń sùn lábẹ́ àtíbàbà onípáànù, ẹní tí o bá sì kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ ló ń gba àyè fún ọ. Bí ẹní bá ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ká a, ì báà ṣe pásítọ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ máa ń lọ. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ní apá Ọ̀ṣun, kí ọkọ àti iṣẹ́ tó gbé wa dé ìhín. Ifọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ sí, wọ́n sì ṣiṣẹ́ káńsù níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èmi ń ránṣọ ní Lotto, nítòsí Mówè. Ẹni tó bá wo máàpù á ní Ifọ̀ ò jìnnà sí Mówè. Kí ó wá wọ ọkọ̀ kó rí i. Láàárín ọdún, ibi ìsọmọlórúkọ àti ibi òkú la ti máa ń ríra, láàárín èrò, tí a ó máa pín ẹran, tí a ó máa wá ṣíbí tó sọnù. Ọ̀sẹ̀ ìpàgọ́ nìkan ni tiwa.

Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá mú débi pé páànù orí wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo èèyàn á dùbúlẹ̀. Àwa náà á korí jọ, ẹní mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, ẹ̀gbọ́n mi á wá máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ti fẹ́ràn dírẹ́bà kan rí kí àwọn tó pàdé ọkọ àwọn. A rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi wúkọ́ sí wa. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti sunkún fún mi lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Nílé wọn ní Ifọ̀, ìyá gbogbo ayé ni wọ́n. Lórí ẹní yẹn, ọmọ ìyá mi ni wọ́n. Ohun tó ń gbé mi lọ sí ìpàgọ́ gan-an nìyẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

A máa ń jà o. Lórí sítóófù ni. Gáàsì kékeré ni tèmi, èyí tí iná rẹ̀ ń jó lórí sílíńdà fúnra rẹ̀. O yí i, o ṣáná sí i, kí o tó wẹ̀yìn omi ti hó. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní bọ́ǹbù ni mo gbé wá sílé Ọlọ́run. Sítóófù kẹrosíìnì, olówùú, ni wọ́n gbà gbọ́, èyí tó máa ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú kirikiri.

"Iná tìẹ yẹn ń kánjú," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ló ń lé ẹ?"

Wọ́n á wá mú sísọ́ọ̀sì ìránṣọ mi, wọ́n á fi gé òwú sítóófù dọ́gba. Èmi á pariwo títí. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé léèsì! Wọ́n á kàn máa gé e lọ.

Ìyàwó ọmọ wọn bímọ ní Kánádà, wọ́n sì lọ wẹ ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́. Ọmọ kejì tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ẹni tó máa mú un lọ mú un bọ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Èmi náà pa ìpàgọ́ tì. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe níbẹ̀, kí n máa bá òpó sọ̀rọ̀?

Lọ́dún tó kọjá ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi wọlé sórí fóònù mi: "Àbúrò mi, mò ń bọ̀ wálé ní December o. A jọ ń lọ káńpù ni." Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Búláòsì oníbàárà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi, mo ti rán apá rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan. Mo rò ó dáadáa. Nínú fídíò tí a fi máa ń ríra, mo ti rí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń di tábìlì mú kí wọ́n tó dìde, nítorí náà ẹní nìkan ò lè ṣe é mọ́. Mo kọ́kọ́ lọ wo fóòmù ní Ìbàfò, èyí tó ṣeé ká bí ẹní. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, orúnkún mi kanlẹ̀ gbì. Èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ni wọ́n á ṣì ti máa dìde. Lọ́dọ̀ ọmọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan ní ọjà Mówè ni mo ti rí bẹ́ẹ̀dì kíká, onírin, tí wọ́n fi aṣọ líle ṣe àárín rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ lé e lójú ọjà. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo dìde láìdi nǹkan kan mú, mo tún dùbúlẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé àárẹ̀ ló mú mi, ẹnì kan tiẹ̀ ń wá omi tútù.

"Mà, ṣé kí n bá yín mú píló wá ni?" ni ọmọkùnrin náà bi mí. "Àbí kí n pa jẹnẹrétọ̀ yìí, kẹ́ ẹ lè gbádùn oorun yín?"

"Pa á," mo dá a lóhùn. "Ariwo ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́."

Mo ra bẹ́ẹ̀dì náà. Mo ra àwọ̀n ẹ̀fọn tó fẹ̀ tó o. Ẹní rọ́bà ni mo rà fún ara mi, ilẹ̀ ṣì ń gbà mí.

Ó wá ku sítóófù. Gáàsì kékeré tuntun kan wà níbẹ̀ tó ń dán, ó wù mí, mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ti kẹrosíìnì ni mo ń wá kiri. Àwọn tó ń ta nǹkan ìdáná ní Mówè ń wò mí bí ẹni tó sọnù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́, àti pé níbo ni mo ti fẹ́ rí kẹrosíìnì tí màá máa bù sí i? Mo lọ títí dé ọjà Ifọ̀ kí n tó rí ọ̀kan tí kò jò, mo sì ra òwú rẹ̀ dání. Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo se omi lórí rẹ̀ wò. Mo wúkọ́, omi bọ́ lójú mi, èéfín bo ògiri. Inú mi ń dùn. Mo ti ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi á ṣe sọ pé òwú tí mo gé yẹn rí wọ́gọwọ̀gọ.

Kí ìpàgọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ti débẹ̀ gba ibi tó dára jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Mo na bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ ẹní mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo so àwọ̀n rọ̀. Àwọn obìnrin kan dé, wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé kò lè sún díẹ̀ ni.

"Ẹni tó ni ín ń bọ̀ láti Kánádà," mo ní, bí ẹni pé ìwọ̀nyẹn ò ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń jáde látinú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n fà mí dìde, wọ́n dì mọ́ mi, a sunkún díẹ̀. Wọ́n ti fọn. Mo na ọwọ́ sí báàgì wọn.

"Fi í sílẹ̀, dírẹ́bà máa gbé e," wọ́n ní. "Ọmọ ẹ ti gba rúùmù fún mi. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ pé mo sùn nílẹ̀ mọ́. Ó ti sanwó oúnjẹ mọ́ ọn láti ọ̀hún."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. Ó kúkú dáa."

Ẹnu lásán ni. Inú bí mi débi pé bí mo ṣe ń ṣáná sí sítóófù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń bú ọmọ wọn. Kí ni ọmọ náà ṣe tí kò dáa? Ìyá rẹ̀ ló tọ́jú. Mo gbàdúrà fún un, mo sì ń bínú sí i, nínú àdúrà kan náà. Bẹ́ẹ̀dì òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. N kò ká a. Mo ní bóyá ẹ̀gbọ́n mi á wá.

Wọ́n wá lóòótọ́, nígbà tí ọ̀sẹ̀ ti dé àárín, lọ́sàn-án. Mo ti se àsáró. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jẹ ṣíbí mélòó kan, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi.

"Ata yìí pọ̀ o. Àwọn ọmọ kì í jẹ ata lọ́hùn-ún, ẹnu èmi náà ò gbà á mọ́."

Mo fi sítóófù hàn wọ́n, nítorí mo rí i pé ojú wọn ò lọ síbẹ̀.

"Háà! O ṣì ń lo èyí? Òórùn ẹ̀ mà le o."

Mo yí iná rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n wá na ẹsẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀. Mo sáré dùbúlẹ̀ sórí ẹní mi, mo kọjú sí wọn, mo ń retí ọ̀rọ̀. Páànù ń dún lókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n fi àwòrán èyí àgbà hàn mí pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Wọ́n ń nu òógùn. Wọ́n yí síhìn-ín, wọ́n yí sọ́hùn-ún, irin bẹ́ẹ̀dì ń ké. Kò pẹ́ tí wọ́n fi na ọwọ́ sí mi pé kí n fa àwọn dìde.

"Ẹ̀yìn mi," wọ́n ní. Mo fà wọ́n dìde, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ò ń bínú."

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà."

"Ò ń bínú. Ojú ẹ ò mọ irọ́ pa. Gbogbo nǹkan tó o rà yìí, mo rí i. Mo sì mọ ẹni tó o rà á fún, èmi ti àtijọ́ ni." Wọ́n mi kanlẹ̀. "Èmi náà ń wá a. Mo wá a títí ní Kánádà, mi ò rí i. Mo rò pé ibí ni mo fi í sí."

Mo pa sítóófù, mo bá wọn gbé báàgì ọwọ́ wọn, a sì rìn lọ sí yàrá wọn. Wọ́n fara tì mí, a ń rìn, a ń sinmi.

Yàrá náà tutù, ó mọ́, ibùsùn rẹ̀ funfun, ó sì fẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e.

"Wá dùbúlẹ̀. Ó gba àwa méjèèjì."

Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n fa aṣọ bò mí dé èjìká, wọ́n di ọwọ́ mi mú, oorun sì gbé wọn lọ kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n. Wọ́n ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi retí wọn, àárò wọn sì ń sọ mí.